Ìjà Owó Orí Ló Bí Òmìnira

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i kí ará ilé kejì má baà gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ẹ mọ ìyá ẹlẹ́kọ tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọjà Ìlaròó níbí? Obìnrin náà ló ní òun ò san owó ìsọ̀ mọ́, àfi bí agbowó bá kọ́kọ́ sọ ibi tí owó oṣù tó kọjá wọlé sí. Agbowó ní òun kọ́ ni ìjọba, wọ́n rán òun níṣẹ́ ni. Ìyá ẹlẹ́kọ ní, "Ó dáa, padà lọ bá ẹni tó rán ọ, sọ fún un pé mo kí i, mo sì ń bi í léèrè." Ni gbogbo ọjà bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó wá ròyìn rẹ̀ fún mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Mo ní ẹ rọra o, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló lé òyìnbó kúrò nílẹ̀ yìí. Wọ́n ní ìyá àgbà tún ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ ka iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé wa bẹ̀rẹ̀. Àwa tí wọ́n ń pè ní Yewa lónìí, Ẹ̀gbádò ni orúkọ wa títí di ọdún 1995. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi kan wà ní Ayétòrò, bó bá ń bínú, Ẹ̀gbádò ló ń pe ara rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá yọ́, ó di Yewa. Torí náà, ẹ máa kọ́kọ́ bi í léèrè kí ẹ tó kí i. Láyé àwọn baba ńlá wa, a ò rójú, a ò ráyè. Ogun Dàhọ̀mì ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀, ogun Ẹ̀gbá ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, àárín méjèèjì la wà. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1890, àwọn àgbà Ìlaròó ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n sá tọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó. Gẹ̀ẹ́sì kó ṣọ́jà wá. Ọkàn balẹ̀, a sùn, a hanrun. Ṣùgbọ́n ẹni tí òjò lé wọ ilé onílé, bí òjò bá dá tí onílé nawọ́ pé owó ilé dà, kí onítọ̀hún má ṣe bí ẹni tó yà lẹ́nu.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí a ṣì ń wá ibi ìsádi, wọ́n ti pín wa tán. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris, tí wọ́n fi pín ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò dá oko sí rí. Kò sí ará Kétu níbẹ̀, kò sí ará Ìmẹ̀kọ, kò sí ará Ìlaròó. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Ìlárá tiẹ̀ wá le: apá kan wà níbí, apá kan wà ní Kùtọ̀nú. Ẹ sì mọ̀ pé lẹ́nu àwa ará ibodè, gbogbo ilẹ̀ Benin pátá, Kùtọ̀nú ni. Ènìyàn ń sùn ní Nàìjíríà, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà ní Kùtọ̀nú, àna rẹ̀ náà wà lọ́hùn-ún. Bó bá ru ẹ̀gẹ́ ara rẹ̀ bọ̀ nílé, kọ́sítọ́ọ̀mù ní fàyàwọ́ ló ń ṣe. Mi ò ní í sọ̀rọ̀ ìrẹsì o. Ẹ má bi mí nípa ìrẹsì. Àwọn kan nínú agbo ilé yìí ò ní í sùn lálẹ́ òní bí mo bá la ẹnu dárúkọ ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Faransé ló kọ́kọ́ gbé owó orí ka àwọn ènìyàn wa láyà. Ọdún 1899 ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Dàhọ̀mì. Bí orí bá ti wà lọ́rùn rẹ, owó ti wà lórí rẹ nìyẹn. Lẹ́yìn owó orí, iṣẹ́ tipátipá tún kù: ẹ wá la ọ̀nà, ẹ wá ru ẹrù. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ lọ́dún 1914, wọ́n tún ń wá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn yóò kó lọ jagun tí kò kàn wọ́n. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní kò ṣeé gbọ́. Ṣé ẹ mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú yẹn? Lásìkò òjò, bàtà àti ẹsẹ̀ ni yóò jọ wọlé, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò jáde. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n ti bá Faransé wọ̀yá ìjà, olórí wọn sì ń jẹ́ Ọ̀tútùbíòjò. Ẹ gbọ́ orúkọ lẹ́nu ọmọ ènìyàn! Ká ní èmi ni akódà tí wọ́n rán pé kí ó lọ gba owó orí lọ́wọ́ Ọ̀tútùbíòjò, ibà ì bá mú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn tí kò lè jagun fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ á mọ́, odindi agbo ilé á ti ká ẹní, wọ́n á ti kọjá sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìhín. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ wa, ṣe ìwé ńlá kan lọ́dún 1976 lórí bí ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn ṣe rí lábẹ́ òyìnbó méjèèjì, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé kíkó kúrò nílùú yẹn kì í ṣe ìwà ojo rárá, ọ̀tẹ̀ ni. Ìjọba tí kò bá rí orí kà, kí ni yóò gba owó lé lórí? Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwọn ìdílé kan láàárín wa tó jẹ́ pé bí ọdún ìbílẹ̀ bá dé, ará Kétu ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pípín bá délẹ̀, wọ́n di ọmọ Ìlaròó pọ́nbélé. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ báyìí ló dárúkọ ara rẹ̀.

Àwọn ará Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, kò sá ní tiwọn. Lóṣù kejì ọdún 1923, nígbà tí Faransé gbé owó orí sókè, wọ́n kọ̀ wọn ò san. Ọjà dá páropáro, òṣìṣẹ́ káwọ́ gbera, ìjọba sì kó ṣọ́jà wọ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n di ẹ̀bi rù ni Louis Hunkanrin, tíṣà tó di oníròyìn, ẹni tó ti ń fi kálámù gún wọn lójú tipẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí Mauritania, lọ sínú aṣálẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá! Ẹ̀yin rèé tí káńsù kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí, tí ẹ ò jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni Faransé ń bẹ̀rù gan-an? Owó tó kù sílẹ̀ kọ́ o. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ti kúrò ní "èló lẹ fẹ́ gbà?" wọ́n ti dé "ta ló ní kí ẹ gbà á?" Ìbéèrè kejì yẹn, kò sí ìjọba àjèjì kan tó rí èsì fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, àwọn Ẹ̀gbá. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá ṣe máa ń rí lẹ́nu ọmọ Yewa: a kì í yìn wọ́n ká má yọ díẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ owó orí, wọ́n ṣe gudugudu méje àti yààyà mẹ́fà, mi ò ní í fi dù wọ́n.

Lọ́dún 1893, Ẹ̀gbá bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé ìlú wọn dá dúró. Ìjọba tiwọn, kóòtù tiwọn, owó ibodè tiwọn, wọ́n ń yan fanda. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1914, wàhálà bẹ́ ní Ìjẹmọ̀, l'Ábẹ́òkúta. Ìjòyè àgbà kan kú sí àtìmọ́lé, inú bí ará ìlú, ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì sì yìnbọn pa Olúwo Ìjẹmọ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn. Oṣù tó tẹ̀lé e, òmìnira Ẹ̀gbá ti wọ àpò Lugard, gómìnà àgbà Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1918 ni Lugard wá gbé owó orí dé. Wọ́n ní owó yìí ni yóò rọ́pò iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi àwọn ènìyàn ṣe lójú títì. Wọ́n gba owó tán, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ò dáwọ́ dúró. Ẹ ò rí nǹkan!

Lóṣù kẹfà ọdún náà, ogun Adúbí bẹ́. Àwọn àgbẹ̀ gbé ìbọn ọdẹ, wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n já wáyà, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, ọba aládé. Ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni Gẹ̀ẹ́sì dà lé wọn lórí. Kí oṣù keje tó parí, ó ti tán, àwọn tó sì kú tó nǹkan bí 600. Irin rélùwéè tí mo ń wí yẹn, òun náà ni ẹ̀ka rẹ̀ yà ní Ifọ̀ wá sí Ìlaròó wa lẹ́yìn ìgbà náà, tó sì lọ títí dé Ìdógò. Àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ń fun fèrè nílùú yìí rí. Wọ́n rò pé ọ̀kadà ló ṣẹ̀dá ìrìn àjò.

Ìbọn pa ẹnu ọkùnrin mọ́ l'Ábẹ́òkúta. Ó ku obìnrin. Ẹ máa gbọ́ o, níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọkọ ló ń san owó orí ilé. L'Ábẹ́òkúta, láti 1918, obìnrin ń dá tirẹ̀ san lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti wọ ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin di ọdún 16 kí wọ́n tó ka orí tirẹ̀. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà? Àwọn agbowó orí a dá ọmọ ọlọ́mọ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n a tú u láṣọ wò bóyá ó ti bàlágà. Mo sọ èyí fún ìyàwó kékeré ilé kejì, ó ju ọmọrogùn sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá dán irú ẹ̀ wò lára ọmọ òun. Mo ní fọkàn balẹ̀, àwọn kan ti bá ọ bá wọn jà.

Ìyá Fẹlá ni olórí wọn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni orúkọ rẹ̀, Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni àwọn obìnrin rẹ̀ ń pè é. Tíṣà ni, ọkọ rẹ̀, Rẹ́fúrẹ́ńdì Ransome-Kuti, sì ni ọ̀gá ilé ìwé Abẹ́òkúta Grammar School. Lọ́dún 1932, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú ló dá sílẹ̀: iṣẹ́ abẹ́rẹ́, oúnjẹ sísè, tíì mímu. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, kì bá tí sí ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹgbẹ́ náà láti 1944. Wọ́n fẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, wọ́n sì gbé ẹjọ́ wá: àwọn aláṣẹ ń fipá gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. (Ṣé ẹ rí i, mo ti tún dárúkọ ìrẹsì. Ti Abẹ́òkúta ni o.) Ibi tí aláṣọ olówó ńlá àti aláta ti jókòó sórí ìjókòó kan náà, ẹ bá òyìnbó dárò. Lọ́dún 1946, ó di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta.

Kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ yìí ṣe tó já wọn láyà? Wọ́n gba oníṣirò owó pé kí ó bá wọn yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò! Wọ́n fẹ́ rí iye tó wọlé, iye tó jáde, àti àpò tó wọ̀. Wọ́n ní kí ìjọba lọ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè níbẹ̀, kí wọ́n yé gba ti obìnrin. Wọ́n tún ní bí àwọn bá ń sanwó, èé ṣe tí kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an?

Ìjọba ní wọn ò gbọdọ̀ wọ́de. Àwọn obìnrin ní ó dáa, àwọn ò wọ́de, fàájì làwọn ń lọ ṣe, ọdún làwọn ń lọ ṣe. Ọlọ́pàá wo ló máa mú ẹni tó ń lọ ṣe fàájì? Wọ́n kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo imú nígbà tí ọlọ́pàá bá ju tajútajú, àti bí wọ́n ṣe ń gbé e sọ padà sí ẹni tó jù ú. Lóṣù kọkànlá ọdún 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 tú jáde sí iwájú ààfin Aké, wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń fi orin bú Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, àti òyìnbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ajẹ́lẹ̀ kan jágbe mọ́ Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ pé kí ó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ bi í bóyá bó ṣe ń bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n tún ní àwọn ìjòyè fi Orò dẹ́rù bà wọ́n, pé Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ gba ọ̀pá Orò mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gbé e lọ sílé. Lórí èyí, èmi ò sọ nǹkan kan o. Obìnrin ni mí, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Lóṣù keje ọdún 1948, Aláké kúrò nílùú. Ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1949, ó gbé adé sílẹ̀, títí di òpin ọdún 1950 tó fi padà. Wọ́n fagi lé owó orí obìnrin, wọ́n sì fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ fìdíhẹ́. Ẹ ò rí i pé kò sí ìbọn kankan lọ́wọ́ wọn? Ohun tí ogun Adúbí fi nǹkan bí 600 ẹ̀mí wá tí kò rí, àwọn obìnrin fi ìwé ìṣirò owó àti ìjókòó wá a rí.

Ẹ wá dúró gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ òmìnira ti wọlé, torí ọmọ mi tó ń lọ sí Pọ́lì Ìlaròó níbí ní òun ò rí bí owó ìsọ̀ ṣe kan òmìnira. Lọ́dún 1947 kan náà yẹn, ẹgbẹ́ NCNC rán àwọn aṣojú méje lọ sí London láti takò òfin ìjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀ láìbi ọmọ Nàìjíríà léèrè. Azikiwe ló kó wọn lọ. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn: Bẹ̀ẹ̀rẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, obìnrin wa ní ipò tiwọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Mínísítà Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn aṣojú padà sílé lọ gbìyànjú òfin náà wò. Wọ́n padà sílé, àmọ́ ìjà ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ṣé ó ti yé ọmọ Pọ́lì báyìí? Ẹni tó ń bi Aké léèrè pé èé ṣe tí wọn ò bi obìnrin kí wọ́n tó gba owó rẹ̀, òun kan náà ló lọ bi London léèrè pé èé ṣe tí wọn ò bi Nàìjíríà kí wọ́n tó ṣòfin fún un. Ìbéèrè ò yí padà, ẹni tí wọ́n ń bi ló yí padà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Àwọn obìnrin Ìgbò gbọ́ lọ́dún 1929 pé wọ́n fẹ́ ka orí obìnrin, wọ́n dìde, ìbọn sì pa ohun tó lé ní 50 nínú wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá, nítorí owó orí tíì, wọ́n da àpótí tíì 342 sínú òkun ní Boston lóṣù kejìlá ọdún 1773. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kéde òmìnira. Ẹ wo tíì tí wọ́n fi ṣòfò! Ọkọ mi ì bá sunkún.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, Dàhọ̀mì gba òmìnira. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, Nàìjíríà gbà á. Ará ibodè tó bá ní àna lọ́hùn-ún jẹ ìrẹsì òmìnira lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì. Ẹ dákun, ẹ má ka ìrẹsì yẹn sí mi lọ́rùn.

Ṣé owó orí wá tán pẹ̀lú òyìnbó? Rárá o. Lọ́dún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà gbé ìjà ko ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba aláwọ̀ dúdú, ìjọba àwọn ọmọ wa, nítorí owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn tí wọn ò sì rí ọ̀nà oko tí wọ́n fi là. Táfá Adéoyè wà lára àwọn aṣáájú wọn. Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ara tó rọ̀, ìjọba sì dín owó orí kù. Èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọ̀ agbowó kọ́ ni ìjà wà fún. Kò sí ẹni tó kórìíra kí ìlú ní owó. Ohun tí inú fi ń bí ènìyàn ni kí wọ́n ka orí rẹ̀ láìka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ má fi ìyá ẹlẹ́kọ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹ san owó yín, torí títì kì í ṣe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó lọ sílé ìwé bá yín ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Sẹkitéríàtì Gúúsù Yewa wà ní Ìlaròó níbí, ti Àríwá Yewa wà ní Ayétòrò, ìkankan nínú wọn kò jìnnà ju Aké lọ. Ẹ lọ, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi owó wa ṣe.